Kí Lorúkọ Ẹni Tó Ń Gbé Ẹ̀yìn Ilé Rẹ?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa sọ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ Sátidé kan lópin ọdún 2025. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi àwọn ibi tí ariwo pọ̀ jù tí èmi fúnra mi ò gbọ́ ohun tí mo sọ.)

Ẹ̀yin àgbààgbà àdúgbò yìí, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú tọjà. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ dúró lójú fèrèsé lọ́hùn-ún, ẹ wọlé. Àga pọ̀ níwájú níbí, kò sì sí ẹni tó máa gba owó àga lọ́wọ́ yín.

Alága wa, ẹ ṣé tí ẹ ní kí n wá. Nígbà tí akọ̀wé wá bá mi nílé, ó ní, "Màámi, a fẹ́ kí ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ààbò." Mo ní, "Ṣé mo jọ ọlọ́pàá lójú rẹ ni?" Ó ní, "Rárá, mà. Ẹ kàn ti pẹ́ ládùúgbò ni." Òótọ́ ló sọ. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń gbé òpópónà yìí. Nígbà tí a dé, oko kòkó ló wà níbi tí alága kọ́lé sí, ọ̀yà ló sì ń sáré níbi tí wọ́n ti ń ta epo báyìí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ sì mọ tíṣà: kò lè sọ̀rọ̀ kó má bi èèyàn ní ìbéèrè.

Ìbéèrè mi ò le. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ gan-an, tí ẹ jọ pín ògiri, kí lorúkọ rẹ̀?

Mi ò ní "Bàbá Ìbejì" o. Mi ò ní "Ìyá Onígaàrí". Mi ò ní "àwọn tó ní ajá yẹn". Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa a kì í ya ẹnu pe àgbà lórúkọ. Mi ò ní kí ẹ pè é. Mo ní ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó nawọ́ sókè. Ẹ má wo ẹnìkejì yín, kì í ṣe ìdánwò.

Ọwọ́ 19 ni mo kà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọwọ́ tiyín kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń gbé ẹ̀yìn ilé yín, gbogbo wa la mọ̀. Ó ku 18. A sì lé ní ọgọ́rùn-ún nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá wá, inú ìbéèrè yẹn sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Bí ó bá di mẹ́rin, ẹ foríjì mí, ọjọ́ orí ni.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: òru tí mo pa iná

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ara mi sùn.

Ó tó ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́. Ó ń lọ sí aago méjì òru. Mi ò tíì sùn. Orúnkún ń dùn mí, mo tan làńtánì oníbátìrì kékeré kan, mo ń fi òróró pa á. Ni mo bá gbọ́ ọ: "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbà mí!" Obìnrin ni. Ilé kejì sí ẹ̀yìn mi ni. Ohùn yẹn ròkè, kò sí bí èèyàn ṣe máa ní òun kò gbọ́ ọ.

Kí ni tíṣà àgbà ṣe? Tíṣà tó ti fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n fẹ́ràn ọmọnìkejì wọn bí ara wọn?

Mo pa iná.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mi ò ké, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo pa iná kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹnì kan wà lójúfò nínú ilé mi. Mo fa aṣọ borí, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 91. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn láàárín yín máa ka Ayatul Kursiyyu lọ́wọ́ ní wákàtí yẹn kan náà. Mi ò bú àdúrà o, àdúrà ló gbé mi débi. Ṣùgbọ́n fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, bátìrì rẹ̀ kún, mi ò sì fọwọ́ kàn án.

Ọdẹ wa fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, fìì, ó sì dákẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọkùnrin kan ṣoṣo, tọ́ọ̀ṣì kan, ṣakabùlà kan, a sì jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì. Ó fun fèrè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ilẹ̀kùn kan tó ṣí, gbogbo iná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó fun ún lẹ́ẹ̀kejì?

Àwọn olè náà kò kánjú. Wọ́n kó owó ọjà tí obìnrin yẹn fẹ́ fi lọ ra ẹrù, wọ́n kó fóònù, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọlọ́run ṣe é, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wa ró ìró, a wọ bùbá, a lọ kí i kú ewu. A kún ojúlé rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Háà, mo gbọ́ o." Ẹlòmíràn ní, "Àwa náà gbọ́, àyà wa ń já." Èmi náà la ẹnu mi yìí, mo ní, "Ìyá, a gbọ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́."

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò wá láti ọ̀kan dé èkejì. Ó ní, "Ẹ gbọ́?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ gbọ́?"

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó kó kúrò. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọmọkùnrin kan mú lẹ́tà kan wá sílé mi, ó ti yí gbogbo òpópónà ká, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí lẹ́tà náà ń lọ. Ó ní kí n bá òun wo orúkọ tó wà lára lẹ́tà náà. Mo wò ó, mo ní mi ò mọ onítọ̀hún. Ọmọ ọmọ mi ló yọjú lẹ́yìn mi, ó ní, "Màmá àgbà, ṣebí ìyá tí wọ́n jà lólè nìyẹn. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la jọ ń lọ síléèwé."

Báyìí ni mo ṣe mọ orúkọ obìnrin tó ké sí mi lóru. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé ẹ̀yìn mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri wa lanu lóru ọjọ́ yẹn. Fèrèsé obìnrin yẹn ni àwọn olè gbà wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé a ò mọ ara wa. Ẹni tí ò mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀, kí ni yóò pè nígbà tó bá jáde síta? Ta ni yóò ké sí pé kó jẹ́ kí àwọn jọ jáde?

Ọ̀rọ̀ kejì: nọ́ńbà ilé, àti ẹni tó yẹ kó kọ ọ́

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ẹnì kan ṣe ohun tí èmi ò ṣe lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ayálégbé, pe àwọn agbófinró. Wọ́n dáhùn ìpè rẹ̀. Wọ́n bi í pé níbo. Ó ní, "Lẹ́yìn igi máńgòrò." Igi máńgòrò wo? Ẹ rántí pé ó ti tó ọdún méjì nígbà yẹn tí wọ́n ti gé igi náà. Wọ́n ní kí lorúkọ òpópónà. Ó pe orúkọ tó mọ̀. Orúkọ tó wà lára pátákó yàtọ̀, èyí tí àwọn onílé ń pè é tún yàtọ̀. Wọ́n ní kí ni nọ́ńbà ilé. Ẹ̀yin, kí ni nọ́ńbà ilé yín?

Ẹ ò rí i? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Bí iná bá ń jó ilé yín, ẹ̀rín kọ́ lẹ máa fi júwe rẹ̀.

Àwọn kan ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé ìyá yìí ti ṣáko lọ, ààbò la ní kó sọ, nọ́ńbà ilé ló ń sọ. Mi ò ṣáko. Ta ló yẹ kó kọ nọ́ńbà sára ilé? Ó wà nínú òfin. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní Àfikún kẹrin, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ òpópónà lórúkọ, kí wọ́n sì fún ilé ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ wọn ni iná ojú pópó, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí àti ẹni tó kú sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọmọlanke pàápàá wà níbẹ̀! Òfin kan náà, ní abala kẹrìnlá, ló sọ pé ààbò àti ìgbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ wò ó, òkùnkùn tí olè ń fara pamọ́ sí, gọ́tà tó dí tó jẹ́ kí ọ̀nà bàjẹ́ tí ọkọ̀ agbófinró ò fi lè wọlé, ilé tí kò ní nọ́ńbà: ọ́fíìsì kan náà ló ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín. Ta ni ààrẹ Amẹ́ríkà?

Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo! "Trump!" Àwọn ọmọdé tó wà níta gan-an pariwo rẹ̀.

Ó dáa. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa?

Ẹ̀n-ẹ́n.

Ilé dákẹ́ lọ. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ní, "Èwo nínú wọn?" Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, kì í ṣe àwàdà. Láti oṣù kejì ọdún yìí ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń fa káńsù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn kan ní àwọn ni ilé ẹjọ́ dá padà, àwọn kan ní àwọn ni ará ìlú dìbò fún. Ẹ̀mí lọ sí i ní Ìkirè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sílé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Síbẹ̀, tiwa há sí òkè, nítorí ìjà ta ni alága. Mi ò ní sọ ẹni tó jàre. Ọmọ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àbúrò mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, èmi kan ṣoṣo ló sì ń sebẹ̀ fún wọn lọ́dún Kérésìmesì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gọ́tà ò lẹ́gbẹ́. Bí ó bá dí, ó dí fún gbogbo wa.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé, "Màámi, ìbò wa ò já mọ́ nǹkan." Ẹ má sọ ọ́ mọ́, pàápàá jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ rántí ìdìbò gómìnà 2018. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló dìbò ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò 353 péré ló wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnìkejì. Wọ́n ní kí ibùdó ìdìbò 7 tún ìbò dì. Ibo ni wọ́n wà? Ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, mẹ́ta ní Òròlú, ọ̀kan ní Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n tún un kà, ẹni tó wà lẹ́yìn ti bọ́ síwájú, ìbò 482 ló sì fi wọlé. 482! Ẹ ka òpópónà wa yìí àti méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí 482. Òpópónà mẹ́ta lè yan gómìnà, kò sì lè yan ẹni tó máa tan iná sí i?

Ọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìdìbò kan, inú rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n fún òun ní ₦5,000 kí òun tó tẹ̀ka. Mo ní kó jókòó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì mi, àbí ẹ rò pé mo ti gbàgbé iṣẹ́ mi? Mo ní ọdún mẹ́rin, oṣù mélòó ni? Ó ní 48. Mo ní pín ₦5,000 sí ọ̀nà 48. Ó pín in. Ó lé díẹ̀ ní ₦104 lóṣù kan. Mo ní, "Ọmọ mi, nínú oṣù kan, kí lo lè fi ₦104 rà?" Ó ronú. Ó ní, "Màámi, kò ra bíṣíkíìtì." Òfin ìdìbò 2022 ní ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á ti jọ dáràn, owó ìtanràn tó ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì papọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì débi ẹ̀wọ̀n, bíṣíkíìtì ló ń dùn mí.

Ìdìbò gómìnà mìíràn ń bọ̀ ní 2026. Wọn ó wá. Wọn ó gbé ìrẹsì wá sínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ẹ gba ìrẹsì bí ebi bá ń pa yín, mi ò lè purọ́ fún yín pé mi ò gba tèmi rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dìde kó ní, "Ẹ ṣé fún ìrẹsì. Ta ló máa kọ nọ́ńbà sára ilé wa, oṣù wo sì ni?"

Ọ̀rọ̀ kẹta: ọ́fíìsì tí a kú lé lórí

Èyí ló wúwo jù. Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí ọgbọ̀n ọdún, ìtàn ni yóò jẹ́ fún yín. Àwa yòókù, ojú wa ló ṣe.

Ní 1996 ni wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀. Níbo ni kí ọ́fíìsì rẹ̀ wà? Wọ́n ní Ẹnuwá. Wọ́n ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ní Òkè-Ògbó. Mo mọ̀ pé ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti pẹ́ ju ọ́fíìsì lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn èèyàn sá wá síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yẹn ló ṣáná sí i ní oṣù kẹjọ 1997. Ó di 2000 kó tó rọlẹ̀.

Èmi àti obìnrin kan la jọ ń lo tábìlì kan nínú yàrá àwọn tíṣà. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án la jọ fi pín ẹ̀bà jẹ. Mo mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ èyí tí ikọ́ ń bá jà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, èmi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, òun náà ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé kan wà lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa, ọkọ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, ìyàwó jẹ́ ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ lóru. Àwọn ọmọ ń sunkún, wọ́n ń bi ara wọn pé ọmọ ibo ni àwọn.

Kí ni a sọ ara wa dà? A ò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́. "Àwọn yẹn." "Àwọn ará ibẹ̀." Ẹ kíyè sí i, kí wọ́n tó lè ní kí èèyàn sun ilé aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gba orúkọ aládùúgbò náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2017, a tún rí i ní Sábó níbí. Àríyànjiyàn ẹni méjì péré. Ẹni méjì! Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti di "àwọn Yorùbá", ó ti di "àwọn Hausa", ṣọ́ọ̀bù ti ń jó, òkú ti sùn nílẹ̀. Àwọn tó kú yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ẹni méjì tí ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣì wà láàyè, mo dúpẹ́. Ní 2001 ló wá bá mi nílé, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. A ò sọ̀rọ̀ ìjà. A jẹ ẹ́ tán, ó bi mí pé, "Ọ́fíìsì yẹn ńkọ́, ṣé o ti débẹ̀ rí?" Mo ní rárá. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní rárá.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ yín lára díẹ̀. A kú lé ọ́fíìsì lórí. A sun ilé nítorí rẹ̀, a yọ ọmọ níléèwé nítorí rẹ̀, oko kòkó di ìgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 25 tí àlàáfíà ti dé, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ta ló ti dìde nínú wa, láti Ifẹ̀ ni o, láti Modákẹ́kẹ́ ni o, tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Iná ojú pópó wa dà?" Ẹ nawọ́.

Mi ò rí ọwọ́ kankan. Tèmi náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lábẹ́ èyí, èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ ẹ mọ̀. Ọmọkùnrin kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kọjá ní ìdájí, ó gbé báàgì kọ́rùn, kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kígbe "Olè!" Ẹ wo bí a ṣe yára jáde! Àwa tí a kì í jáde bí wọ́n bá ń ké "ẹ gbà mí", a jáde pẹ̀lú igi. Àwọn kan ní ọmọ yáhúù ni, àwọn kan ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn tọ́ sí wa ní ìlú yìí. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, nígbà tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lóru, kò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń béèrè táyà. Táyà!

Ta ló gba ọmọ náà sílẹ̀? Ìyá alákàrà ni. Ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó sáré wọ àárín wa, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni. Àkàrà ọgọ́rùn-ún náírà ló ń rà lọ́wọ́ mi láràárọ̀." Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ó pe orúkọ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ ni, ó ń gbé e lọ fún àtúnṣe.

Ìyá alákàrà yìí, ó ti jí kí irun àsùbá tó pe. Ó mọ ẹni tó wọlé ní ìdájí, ó mọ ẹni tó jáde. Ó mọ ọ̀kadà tí kì í ṣe ti àdúgbò. Nínú gbogbo àwa tí a ń pe ara wa ní onílé, kò sí ẹni tó mọ ìdajì ohun tó mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wọ ìpàdé wa? Kí ló dé? Nítorí pé ayálégbé ni. Ìpàdé onílé ni a ń ṣe. Owó ọdẹ ńkọ́? À ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, bí kò bá san án, a ó ní kí onílé rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi ṣe ìdájọ́. Ẹni tó ń sanwó, tó ń ríran, tó mọ èèyàn, òun la tì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwa tí a ò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwa la jókòó tí à ń dábàá géètì.

Mi ò bá géètì jà. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Díẹ̀ tó kù

Màá yára, mo rí i pé ìrẹsì ti ń ta sánsán.

Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020, kí akọ̀wé wá nọ́ńbà àwọn tó wà nítòsí, kí gbogbo wa ní in. Ẹni tí ẹ bá mú, ẹ fà á lé agbófinró lọ́wọ́. Ẹni tó bá pa olè ti di apànìyàn lójú òfin.

Ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Láàárọ̀ àná, iṣẹ́ "ẹ kú àárọ̀" tó ní òdòdó tó 60. Mo kà á. Lábẹ́ gbogbo òdòdó yẹn ni ẹnì kan ti kọ ọ́ pé wọ́n já géètì òun lálẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i títí di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ ká ní ẹyọ kan tí a ó máa fi ké pe ara wa, kó má sí òdòdó níbẹ̀, kó má sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ìlú tí a ò mọ̀ pé àwọn ajínigbé ń bọ̀. Àti ọdẹ wa: ẹ san owó rẹ̀, kí akápò sì máa ka ìṣirò owó náà síta lójú gbogbo wa. Alága, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá sì fun fèrè lóru, ẹ má pa iná. Èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tan án. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti jáde, ẹ wà nínú ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ tan gbogbo iná tó wà níbẹ̀, ẹ lu ìkòkò, ẹ lu páànù. Kí ọdẹ mọ̀ pé a wà lójúfò.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Onílé ni o, ayálégbé ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o, ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín, àti orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ilé yín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fi àyè sílẹ̀, kó lọ béèrè, kó padà wá kọ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ọwọ́ ti ṣèlérí láti bá wa fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri fúngbà díẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyá alákàrà ń mú ìwé yẹn lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá bá èèyàn níbẹ̀, a ó fún un. Bí a ò bá bá èèyàn níbẹ̀, a ó tún lọ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, aago mẹ́sàn-án, ibi tí igi máńgòrò wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà obìnrin yẹn ṣì wà nínú báàgì mi yìí. Ẹni tó bá mọ ibi tó kó lọ, kó jọ̀ọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Bírò méjì ló wà lórí tábìlì. Tèmi ni. Ẹ má mú wọn lọ.